Ball joint Ìjàpá 1977 kọ̀, kò jáde: ẹsẹ̀ òsì níwájú

Ìjàpá77_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ẹtì, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Volkswagen Ìjàpá 1977 ni ọkọ̀ náà, ẹ̀yà 1300, èyí tí wọ́n tò l'Ékòó. Dúrọ́ọ̀mù ni bírékì iwájú rẹ̀. Ball joint mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (oríkèé oníbọ́ọ̀lù tó so apá ọkọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táyà) ni mo fẹ́ pààrọ̀, mo sì ti ra tuntun sílẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún; ti òsì ni mo wà lórí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ dé nìyí. Táyà ti kúrò, split pin àti nọ́ọ̀tù tie rod (irin tí sítẹ́rìn fi ń yí táyà) ti kúrò, ṣùgbọ́n tie rod fúnra rẹ̀ ṣì jókòó. Nọ́ọ̀tù ball joint òkè ti jáde. Nọ́ọ̀tù ti ìsàlẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ọ̀pá inú rẹ̀ ń bá a yí, kò gòkè kò sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ń fọ́n WD-40 sí gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi hámà lu orí ọ̀pá ti òkè láti abẹ́, kò mì, tẹ́rẹ́ẹ̀dì orí rẹ̀ sì ti ń fẹ̀ bí olú.

Irinṣẹ́ tó wà nílé: jáàkì tọ́ọ̀nù 2, axle stand méjì, hámà kílò 1, sípánà àti sókẹ́ẹ̀tì, gíráńdà kékeré, àti fọ́ọ̀kì ẹlẹ́ka méjì tí wọ́n ń kì bọ àárín ball joint. Kò sí press (ẹ̀rọ tó ń fi agbára tẹ irin). Ṣé kí n pe wẹ́dà kó wá fi gáàsì sun ún ni, àbí kí n fi gíráńdà gé e?

Páńẹ́lì_Ṣàgámù · 6:04 ìrọ̀lẹ́

Gáàsì ni. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á sun ún pupa fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi gíráńdà gé e, ẹ lè ṣe knuckle (irin tó gbé táyà, tí ọ̀pá ball joint wọ̀) léṣe, knuckle dáadáa ò sì wọ́pọ̀ mọ́.

Wẹ́dà_Òṣogbo · 6:31 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ gáàsì ni mo ń ṣe, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbé iná sún mọ́ ibẹ̀. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iwájú ni táǹkì epo Ìjàpá wà, nínú búùtù, lókè axle iwájú gan-an. Páìpù epo sì ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Rọ́bà páìpù ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún lè máa jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ìdí kejì, ball joint jẹ́ ohun tí wọ́n dé pa pẹ̀lú gírísì nínú. Tí iná bá mú un, gírísì náà á wú, á sì bẹ́ jáde pẹ̀lú iná sí ojú ẹni tó dúró tì í. Ìdí kẹta, rọ́bà bírékì wà ní ìwọ̀n ìka mélòó kan síbẹ̀, ọ́ìlì bírékì sì ń jó.

Pabanbarì rẹ̀: tí ẹnikẹ́ni bá ti fi omi tí wọ́n fi ń fọ bírékì, irú èyí tó ní kílóríìnì nínú, fọ́n sí ibẹ̀, iná á sọ ọ́ di èéfín olóró. Èéfín yẹn ń pa ènìyàn.

Irin tí ẹ bá sì sun pupa ti yí padà. Knuckle tó pupa tí ẹ wá da omi sí lè di èyí tó ń sán bí àwo. Ọ̀gá Páńẹ́lì, mo mọ̀ pé ó máa ń bọ́ lóòótọ́ tí a bá sun ún, ṣùgbọ́n knuckle yẹn ló gbé táyà dúró. Tó bá ṣe dandan kí ooru wọ̀ ọ́, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tó sún mọ́ iná, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí àwọn akunlé fi ń bó ọ̀dà àtijọ́, kì í ṣe ahọ́n iná.

Ẹ dẹ́kun lílu orí ọ̀pá. Bí ẹ bá ṣe ń lù ú ló ń fẹ̀, bó bá sì ti fẹ̀, kò ní lè gba inú ihò kọjá mọ́ àní lẹ́yìn tó bá ti tú.

Mẹkáníìkì_Ojúẹlẹ́gbá · 7:10 alẹ́

Kó tó di pé a sọ̀rọ̀ hámà, ẹ jẹ́ ká mọ bí ọkọ̀ ṣe dúró. Ẹ ti táyà ẹ̀yìn méjèèjì pa níwájú àti lẹ́yìn. Kí axle stand méjèèjì wà lábẹ́ páìpù ìdábùú iwájú, kì í ṣe abẹ́ pẹpẹ ilẹ̀ ọkọ̀ tó lè ti dípẹtà. Ẹ fọwọ́ ti ọkọ̀ kí ẹ rí i pé kò mì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ (irin tó na láti páìpù ìdábùú dé ball joint) lẹ́sẹ̀ òsì, kó kàn án lásán, kó má gbé e. Ìjàpá kò ní sípíríǹgì olóbìírí níwájú. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò jọ sínú páìpù méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì. Nígbà tí ball joint bá já, apá lè ta. Kí ojú àti ìka yín má wà ní ọ̀nà rẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹ ò sọ bóyá ẹ ti yọ ọ́. Ó dára kí ẹ yọ ọ́, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ ń fa knuckle wọ́ sílẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí hámà wọlé dáadáa. Ohun méjì ló yàtọ̀ ní ẹsẹ̀ òsì:

Ẹ má tíì ṣí ìdérí gírísì, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ níta. Ẹ ó rí etí okùn tó ń gbé eré ọkọ̀ lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, tó gba àárín knuckle jáde. Pín-ìn kékeré ló dì í mú níta. Ẹ yọ pín-ìn náà, kí ẹ tó ṣí ìdérí, kí ẹ sì fa okùn jáde láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé èyí, okùn náà a sì já.

Èkejì, nọ́ọ̀tù tó di dúrọ́ọ̀mù mú ní òsì, òdì ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú bóòtù kékeré tó fún un mọ́ra, èyí tó ń gba kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà, kí ẹ tó yí nọ́ọ̀tù náà sí ọwọ́ ọ̀tún láti tú u.

Tí dúrọ́ọ̀mù bá ti kúrò, ẹ tú àwo bírékì kúrò lára knuckle, kí ẹ fi wáyà so ó rọ̀ sókè. Kó má fi páìpù rọ́bà bírékì rọ̀ o. Rọ́bà náà lè ya nínú níbi tí ojú kò tó.

Adé_Manchester · 7:42 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Níbí, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń ba abẹ́ ọkọ̀ jẹ́, nítorí náà ojoojúmọ́ la ń bá irú èyí jà. WD-40 dára fún lílé omi, kò lágbára fún ìpẹtà tó ti jinlẹ̀. Ẹ po ọ́ìlì gíà aládàáṣiṣẹ́ (automatic), èyí tó pupa, pọ̀ mọ́ acetone ní ìdajì sí ìdajì. Ẹ mì í dáadáa ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, nítorí pé wọ́n máa ń ya ara wọn. Ẹ kán an sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 12, ẹ kán an lẹ́ẹ̀kan sí i. Acetone ń jẹ ọ̀dà àti rọ́bà, ó sì ń gbiná kíákíá, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó.

Tọ́nà_Mushin · 8:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adé, àlàyé yín dára fún nọ́ọ̀tù àti fún búṣì. Fún ọ̀pá ball joint fúnra rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ọ̀pá yẹn fẹ̀ ní ìdí, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí orí, bí èèkàn. Nọ́ọ̀tù ló fà á wọ inú ihò tó ní irú ìrísí kan náà, títí irin fi lẹ̀ mọ́ irin. Àyè kankan kò sí láàárín wọn tí ọ́ìlì lè gbà wọlé. Agbára ìfúnmọ́ yẹn ló dì í mú ju ìpẹtà lọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ mẹ́ta WD-40 kò fi yí nǹkan padà.

Ohun tó ń tú u ni kí ihò náà yí ìrísí padà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tí ẹ bá gbá ẹ̀gbẹ́ ojú knuckle, ihò tó jẹ́ róbótó á rí bí ẹyin fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pá á sì fò jáde tí nǹkan kan bá ti ń tì í. Nítorí náà, ohun méjì ni: kí nǹkan máa ti ọ̀pá, kí hámà sì wá gbá ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn nìkan kì í sábà tó.

Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì gé orí ọ̀pá tó ti fẹ̀ bí olú títí nọ́ọ̀tù fi lè wọ̀ ọ́ padà. Ẹ wé nọ́ọ̀tù náà sí i títí tí yóò fi ku nǹkan bíi mm 3 kó kan knuckle. Má yọ ọ́ tán, nítorí òun ni yóò dá apá dúró tó bá já. Ẹ gbé hámà tó wúwo, kílò 2 ó kéré tán, ti ẹ̀gbẹ́ kan ojú knuckle kó dúró gbọin-gbọin. Ẹ fi hámà kejì gbá ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i. Ẹ gbá a ní tààrà, kí ó le, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Hámà kílò 1 tí ẹ ní kò tó, títa ló máa ń ta padà.

Ìjàpá77_Abẹ́òkúta · 9:05 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin Ọ̀gá Tọ́nà, kí ni yóò máa ti ọ̀pá náà? Fọ́ọ̀kì ẹlẹ́ka méjì yẹn ńkọ́?

Mẹkáníìkì_Ojúẹlẹ́gbá · 9:18 alẹ́

Fọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́, ó sì yá. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fa rọ́bà ya. Ball joint tí ẹ fẹ́ jù nù, kò burú. Tie rod tí ẹ fẹ́ dá padà, ẹ má dán an wò.

Tọ́nà_Mushin · 9:40 alẹ́

Mi ò fara mọ́ fọ́ọ̀kì lórí Ìjàpá yìí, Ọ̀gá. Kì í ṣe tìtorí rọ́bà. Fọ́ọ̀kì ń fi ìdí rẹ̀ ti ara apá àti ara knuckle, ó sì ń há sáàárín wọn. Apá yẹn ń yí nínú bẹ́ríìnì abẹ́rẹ́ tó wà nínú páìpù ìdábùú. Lílù tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ ń lọ tààrà sínú bẹ́ríìnì yẹn.

Ìjàpá alábọ́ọ̀lù ní oore kan tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní. Knuckle wà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Ọ̀pá ti òkè kọjú sílẹ̀, ọ̀pá ti ìsàlẹ̀ kọjú sókè, wọ́n ń wo ara wọn. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo tí ẹ bá fi sí àárín wọn lè ti àwọn méjèèjì jáde.

Ẹ wá bóòtù líle kan tó nípọn tó mm 16 tàbí mm 18, àti nọ́ọ̀tù gígùn tó bá a mu. Ẹ wọn àyè àárín orí ọ̀pá méjèèjì, kí ẹ gé bóòtù náà kí ó lè wọlé nígbà tí nọ́ọ̀tù bá ti wé mọ́ ọn tán. Ẹ fi wásà líle tàbí irin kékeré tó ní kòtò bo orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kó má bàa yọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ di bóòtù mú pẹ̀lú sípánà kan, ẹ fi èkejì máa yí nọ́ọ̀tù síta, kí gbogbo rẹ̀ máa gùn sí i láàárín wọn. Yóò le títí sípánà yóò fi fẹ́ kọ̀. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi páìpù gùn ún lórí. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbá ẹ̀gbẹ́ ojú knuckle bí mo ṣe ṣàlàyé. Ẹ ó gbọ́ «gbàù!»

Èyí tó bá rọrùn jù lọ ni yóò kọ́kọ́ já. Tó bá já, ẹ tún fi nọ́ọ̀tù rẹ̀ fà á padà sínú ihò, kí ẹ sì tún ti bóòtù náà sáàárín. Kò ní síbi tí agbára yóò gbà mọ́ ju èkejì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbòjú. Wásà líle lè ṣẹ́, kó sì fò.

Adé_Manchester · 10:02 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Tọ́nà, àlàyé yín nípa ọ́ìlì tọ̀nà, mo gbà. Fún tie rod, ẹ lo ẹ̀rọ kékeré tó ní ẹnu méjì àti bóòtù láàárín, tí ń ti ọ̀pá jáde láìfọwọ́ kan rọ́bà. Ẹ fún un, kí ẹ sì fi hámà gbá ẹ̀gbẹ́ apá knuckle tí tie rod wọ̀. Ìlànà kan náà ni. Ẹ rántí pé lára tie rod kọ̀ọ̀kan, etí kan ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì òdì. Tí ẹ bá fẹ́ yọ orí rẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó yí kí ẹ tó yọ ọ́ tán.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:55 àárọ̀

Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tó ń bá ọ̀pá yí. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀pá ti tú díẹ̀ nínú ihò, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tù ti dípẹtà mọ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Ẹ dá ìfúnmọ́ padà kí nọ́ọ̀tù lè yí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wé nọ́ọ̀tù òkè padà, ẹ fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ sókè títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ gbéra kúrò lórí stand. Ọ̀pá á tún wọ ihò rẹ̀ ṣinṣin, á sì dúró. Kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tù pẹ̀lú sípánà onírìngì, kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣíṣí. Ti òkè, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, G-clamp ńlá láti orí apá òkè dé abẹ́ ojú knuckle ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn.

Tó bá ṣì ń yí, ẹ gé nọ́ọ̀tù. Fi gíráńdà fá a ní ojú méjì tó kọjú síra, ní gígùn ọ̀pá, kó ku díẹ̀ kó kan tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Kí ẹ wá fi ṣísù là á. Àwo gíráńdà kò gbọdọ̀ kan knuckle. Ẹ fi aṣọ tútù bo páìpù bírékì, kí ẹnì kan sì di omi àti iyanrìn mú nítòsí, nítorí pé ọ̀rọ̀ táǹkì epo tí Wẹ́dà sọ kan iná gíráńdà náà.

Páńẹ́lì_Ṣàgámù · 7:30 àárọ̀

Mo gba ọ̀rọ̀ Wẹ́dà nípa táǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé ẹni tó ni ọkọ̀ pé yíyọ knuckle nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Ball joint fúnra rẹ̀ wà nínú apá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ ni. Tí knuckle bá ti kúrò, ẹ kàn gbé sókẹ́ẹ̀tì ńlá lé e, kí ẹ fi hámà ńlá lù ú jáde láìyọ apá.

Tọ́nà_Mushin · 7:58 àárọ̀

Rárá o, Ọ̀gá Páńẹ́lì. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Apá náà gùn, etí kan péré ló sì dúró lórí nǹkan. Gbogbo ìlù ń tẹ apá ni, ó sì ń fọ́ bẹ́ríìnì abẹ́rẹ́. Apá tó bá ti tẹ̀ mm 2 ti sọ táyà di èyí tó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè tò ó tọ́.

Yíyọ apá kò le. Ní ti ìsàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú irin stabilizer tó so apá òsì mọ́ ti ọ̀tún. Kílíìpù ló dì í mú, etí kílíìpù náà sì ni wọ́n tẹ̀ kó má bàa yọ̀. Ẹ tẹ etí yẹn sókè, kí ẹ lù ú jáde. Ìpẹtà a máa mú kílíìpù yìí gan-an, ọ́ìlì Ẹ̀gbọ́n Adé á wúlò níbí. Ẹ tú ṣọ́ọ̀kì náà kúrò.

Apá kọ̀ọ̀kan ní bóòtù kan tí kò ní orí, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù ìdènà, tó wọ inú kòtò lára irin pẹlẹbẹ nínú páìpù. Ẹ fọ ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá kí kọ́kọ́rọ́ lè wọlé tán, nítorí tí igun rẹ̀ bá fá, ọ̀ràn mìíràn dé. Ẹ tú nọ́ọ̀tù ìdènà, ẹ tú bóòtù, kí ẹ fa apá jáde ní tààrà. Ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má yọ òsì àti ọ̀tún pọ̀, kí irin inú páìpù má bàa sún.

Ẹ kó apá méjèèjì lọ sí ilé tọ́nà tó ní press. Press tọ́ọ̀nù 20 ni kí ẹ béèrè. Kí wọ́n fi páìpù nípọn gbé ojú apá dúró yí ká, kí ball joint lè bọ́ sínú páìpù náà. Ẹ wo ibi tí èjìká ball joint wà: ibi tí èjìká wà ni yóò gbà jáde. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láti òdì kejì, ojú apá á fẹ̀, ó parí.

Ìyá_Mọ́tò_Ìbàdàn · 8:40 àárọ̀

Ẹ kú ọwọ́ lómi. Iléeṣẹ́ páàtì ọkọ̀ ni mo ní ní Gate, ball joint Ìjàpá sì ni mò ń tà. Kí ẹ tó gbé tuntun lọ sí ibi press, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ó rí ẹ̀fà kékeré létí rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n gé wọlé díẹ̀ bí àmì. Ẹ̀fà yẹn gbọ́dọ̀ bá àmì tó wà lára apá mu nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìdí ni pé ọ̀pá ball joint kì í yí dọ́gba sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ̀fà bá wà níbi tí kò yẹ, ọ̀pá á máa kan etí ilé rẹ̀ nígbà tí táyà bá wọ kòtò, yóò sì dá. Èyí tó ní ẹ̀fà méjì ni èyí tó tóbi díẹ̀ ju ti àtètèkọ́ṣe lọ, tí wọ́n ṣe fún apá tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ má tẹ ẹlẹ́fà méjì bọ apá tí ihò rẹ̀ kò tíì fẹ̀. Bí ti tuntun ẹlẹ́fà kan bá sì fi ọwọ́ lásán wọ inú apá, ẹ má sọ pé ẹ rí oríire. Ẹ wá ẹlẹ́fà méjì, tàbí apá mìíràn.

Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ síra, ẹ gbé wọn sún mọ́ ti àtijọ́ kí ẹ fi wọ́n wéra. Ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá: ó gbọ́dọ̀ le, kó sì rìn láìta. Èyí tó ń jó lọ jó bọ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ má ra ball joint tòkunbọ̀ rárá. Apá tòkunbọ̀ dára, knuckle tòkunbọ̀ dára, ball joint kọ́.

Adé_Manchester · 9:15 àárọ̀

Ẹ fi tuntun sínú fíríísà mọ́jú kí ẹ tó gbé e lọ. Yóò sún kì.

Tọ́nà_Mushin · 9:31 àárọ̀

Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Irin tó fẹ̀ tó mm 45, tó bá kúrò ní ooru 30 dé òtútù 18 lábẹ́ òdo, kò sún kì ju nǹkan bíi mm 0.03 lọ. Kó tó dé Mushin láti Abẹ́òkúta, ó ti gbóná padà. Kí ihò apá mọ́, kí wọ́n fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí ball joint sì dúró tọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn wúlò ju yìnyín lọ.

Ìjàpá77_Abẹ́òkúta · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àdúrótì o! Mo yá hámà kílò 2 méjì, mo gé bóòtù mm 16. Ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ já, ní gbígbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ti òkè já lẹ́yìn tí mo fa ti ìsàlẹ̀ padà. Jáàkì lábẹ́ apá ló jẹ́ kí nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tú, n kò gé nǹkan kan. Ó ku ìṣòro kan: búṣì tó wà nínú ojú knuckle lókè, tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an, bá ọ̀pá jáde díẹ̀, ó sì há síbẹ̀. Kò wọlé, kò jáde.

Mẹkáníìkì_Ojúẹlẹ́gbá · 4:48 ìrọ̀lẹ́

Búṣì yẹn ni wọ́n fi ń tún ìdúró táyà ṣe, bóyá orí rẹ̀ tẹ̀ síta tàbí sínú. Ẹ má lù ú. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án rárá, ẹ fi ṣísù kékeré fa ìlà kan láti ara búṣì dé ara knuckle, kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà. Tí ìlà àtijọ́ bá ti sọnù, ibi tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ̀fà rẹ̀ kọjú sí iwájú ọkọ̀.

Ó ti wà lórí tábìlì báyìí, ó jìnnà sí táǹkì. Ẹ kán àpòpọ̀ Ẹ̀gbọ́n Adé sí i yí ká, ẹ jẹ́ kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ nu ún gbẹ kanlẹ̀, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yá ojú knuckle, títí omi tí ẹ bá kán sí i yóò fi máa hó. Kí ẹ wá fi sípánà mú orí búṣì, kí ẹ yí i lọ síwájú, kí ẹ yí i padà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wá bí yóò ṣe jáde, bí yóò ṣe yí ni kí ẹ wá. Tó bá ti yí, ó ti tú.

Wẹ́dà_Òṣogbo · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi èyí kún un: ẹ nu acetone náà gbẹ lóòótọ́, kí ẹ sì gbé ike tó wà nínú rẹ̀ kúrò nítòsí kí ẹ tó tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà. Inú ẹ̀rọ yẹn pupa.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi gírísì oníbàbà pa gbogbo ara ọ̀pá àti búṣì, kó má tún há mọ́.

Tọ́nà_Mushin · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ló tọ̀nà. Ìta búṣì, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ara ọ̀pá tó ń tín-ín-rín, ti tie rod àti ti ball joint, gbígbẹ àti mímọ́ ló gbọ́dọ̀ wọlé. Ìfúnmọ́ irin sí irin ló dì í mú. Tí gírísì bá wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tù á fa ọ̀pá wọlé kọjá ààlà, ojú knuckle á sì lè là. Ẹ fi aṣọ àti epo díẹ̀ nu ihò àti ọ̀pá, kí ẹ fi ìka wò ó: tí ẹ bá rí ibi tí ó ti ṣẹ́ tàbí tí ó ti fá, knuckle yẹn ti parí.

Nọ́ọ̀tù tuntun ni kí ẹ lò, pẹ̀lú split pin tuntun. Nọ́ọ̀tù tie rod tó wà lórí tẹ́rẹ́ẹ̀dì mm 12, Nm 30 ni ìfúnpọ̀ rẹ̀. Tí ihò split pin kò bá bá ẹnu nọ́ọ̀tù mu, ẹ fún un síwájú díẹ̀ títí yóò fi bá a mu. Ẹ má tú u padà láé.

Ìyá_Mọ́tò_Ìbàdàn · 7:15 alẹ́

Ẹni tó bá ń ka èyí tí Ìjàpá rẹ̀ jẹ́ ti 1965 sẹ́yìn, ọkọ̀ yín kò ní ball joint níwájú. King pin àti link pin ló ní, iṣẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ti 1302 àti 1303 náà kò rí báyìí, nítorí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì olóbìírí ló wà nínú wọn. Ẹ sọ ọdún àti ẹ̀yà ọkọ̀ fún ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Mẹkáníìkì_Ojúẹlẹ́gbá · 8:05 alẹ́

Kí ẹ tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀: orí mẹ́rin tí wọ́n ń gbà tẹ gírísì ló wà lára páìpù ìdábùú, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Ẹ tẹ gírísì sí wọn nígbà tí táyà ṣì wà lókè, kí ó lè dé inú bẹ́ríìnì yí ká, títí gírísì tuntun yóò fi yọ létí apá. Ball joint tuntun kò ní ibi gírísì, wọ́n ti dé e pa. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100, ẹ tún yẹ gbogbo nọ́ọ̀tù wò, kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to táyà. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi búṣì òkè tún ìdúró táyà ṣe, kí wọ́n tó fọwọ́ kan tie rod, nítorí bí búṣì bá ti yí, toe (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra) á yí tẹ̀lé e.

Ìjàpá77_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Àìkú, 2:30 ọ̀sán

Búṣì ti yí, ó ti jáde. Apá méjèèjì ń lọ sí Mushin lọ́la. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ṣé ti ọ̀tún náà, òdì ni nọ́ọ̀tù dúrọ́ọ̀mù rẹ̀?

Mẹkáníìkì_Ojúẹlẹ́gbá · 2:41 ọ̀sán

Rárá, ti òsì nìkan ni. Ti ọ̀tún, bí nọ́ọ̀tù gbogbo ayé ló ṣe ń tú. Okùn eré ọkọ̀ kò sì sí níbẹ̀.